Lẹ́tà Tí Bàbá Mi Fi Ránṣẹ́ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Lọ́jọ́ tí bàbá mi mú mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibi tí ọkọ̀ ti já wa sílẹ̀, igi kajú ló wà lápá ọ̀tún, igi kajú ló wà lápá òsì, ọ̀nà pupa kan sì gba àárín wọn lọ sí ẹnu géètì. Bàbá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ibí yìí mà dákẹ́ o." Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì sùn níbi tí kò sí ariwo rí. Ní Ajégúnlẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni àwa márùn-ún ń gbé, nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá. Bí ará iwájú bá sín, ará ẹ̀yìn á ní kó pẹ̀lẹ́. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí Àpápá kì í sinmi tọ̀sán tòru. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ inú igbó yẹn á tù mí lára. Ó tù mí lára fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó sú mi pátápátá.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni. Gbogbo wa ò tó igba, a sì mọ ara wa dórí ẹni tó máa ń hanrun. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ kan ló dá a sílẹ̀, wọn ò sì kọ́ wa níṣẹ́ kan pàtó. Ìtàn ni, lítíréṣọ̀ ni, orin ni, ìmọ̀ ẹ̀sìn ni, àwòrán yíyà ni, a tún máa ń ro oko lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ọ̀gá àgbà máa ń sọ fún wa pé bí a ṣe máa di ènìyàn ni àwọn ń kọ́ wa, iṣẹ́ á wá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ní Kírikírì, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ lọ kọ́, ó rò ó títí, ó ní lọ́yà. Ìyá mi, tó ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé wa, sọ fún àwọn oníbàárà tirẹ̀ pé tíṣà ni. Èmi ò já ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì nírọ́, nítorí mi ò mọ ohun tí mo lè sọ pé ó jẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni pé wíwọlé nìkan ló rọrùn níbẹ̀. Agogo ló ń jí wa, agogo ló ń kó wa lọ jẹun, agogo ló ń kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àti àwa tí a jẹ́ mùsùlùmí. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwa mẹ́ta kan máa ń kírun sí ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó bi wá bóyá ó wù wá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń kọjá níwájú géètì, ọjọ́ ọjà nìkan ló sì ń wá, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Fóònù kan ò sí ní gbogbo ọgbà yẹn. Bí àárò ilé bá ń sọ mí, màá lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, màá kọjú síbi tí mo rò pé Èkó wà. Kajú ni màá rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ jáde láìgba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ obìnrin tó ń ṣàkóso ilé àwa obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Họ́sítẹ̀lì. Màmá Họ́sítẹ̀lì náà ò sì ní fún ẹnikẹ́ni níwèé àfi bí òbí bá kọ lẹ́tà wá pé òun ń fẹ́ rí ọmọ òun. Bí lẹ́tà bá dé, wọ́n á ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n á mú fọ́ọ̀mù tí òbí náà kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jáde, ìlà mẹ́rin péré, ní ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé. Wọ́n á tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, wọ́n á gbé awò lé ojú, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wéra. Ìyà àwọn tó ṣáájú wa ló ń jẹ wá. Wọ́n ní ọkùnrin kan kọ lẹ́tà ní orúkọ bàbá rẹ̀, ó gbàgbé pé òun ti sọ fún tíṣà kan pé bàbá náà ti kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri: ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé ní orúkọ òbí rẹ̀ yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé pátápátá. A máa ń kọjá lára ìwé yẹn lọ jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé wa. Bàbá mi ò kàwé. Láti kíláàsì karùn-ún ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ gbogbo lẹ́tà tó ń ti yàrá wa jáde, tí mo sì ń ka gbogbo èyí tó ń ti Òkè-Ògùn wọlé. Kì í ṣe yàrá tiwa nìkan, ìdajì ilé ló ń pè mí. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé girama, wọ́n ní kí bàbá buwọ́ lu káàdì èsì ìdánwò mi. Ó tì í padà sí mi, ó ní, "Bísímílàhì, bu ọwọ́ lù ú fún mi." Ibi tí mo ti dá ìbuwọ́lùwé sílẹ̀ fún bàbá mi nìyẹn. Mo ṣe é rèǹtè rente, mo fi ìrù gígùn kan sí i nídìí, bíi ti àwọn ọ̀gá ilé ìfowópamọ́. Ó dùn mọ́ ọn débi pé nígbà mìíràn tí kò sí nǹkan kan láti buwọ́ lù, á ní kí n ṣe é fún òun wò. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ wà fún ẹrù, ọwọ́ tèmi wà fún bírò, ilé kan náà ni méjèèjì ń ṣiṣẹ́ fún.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí a dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí akọ̀wé fún bàbá mi ní fọ́ọ̀mù pé kó kọ ìlà mẹ́rin síbẹ̀, ó tì í sí mi bó ṣe máa ń ṣe, èmi náà sì gbà á bí mo ṣe máa ń gbà á. Ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo buwọ́ lù ú, mo fi ìrù sí i. Akọ̀wé ń bá ẹlòmíràn jiyàn lórí fọ́tò, kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé mo ti ṣe ohun tó burú. Ọdún kan àtààbọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara mi.

Ní ọdún kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí lọ sí ọ́fíìsì Màmá Họ́sítẹ̀lì lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, pẹ̀lú ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀ mi. Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì, wọ́n sì ní kí n kà á. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ga, ó le, ó wọ kóòtù, mo sì ti mọ ẹni tó kọ ọ́ kí n tó ka ìlà kejì. Ará ilé wa kan wà tí a ń pè ní Bọ̀dá Kíláàkì, ọmọ agbègbè olómi ni, kì í ṣe Yorùbá, ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí èmi ò sí nílé mọ́, òun ni bàbá mi lọ bá. Ohun tí lẹ́tà náà sọ kò pọ̀. Ikùn ìyá mi ń wú. Ilé ìwòsàn ìjọba ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí tí a wà ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ó fẹ́ fojú rí mi kó tó wọlé, kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ̀ǹda mi. Nísàlẹ̀, níbi tí ìbuwọ́lùwé yẹ kó wà, àtàǹpàkò bàbá mi ló wà níbẹ̀, ńlá, pẹ̀lú yíǹkì àlùkò.

"Ta ló kọ eléyìí?" Màmá Họ́sítẹ̀lì bi mí.

"Bàbá mi ni, mà."

Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. "Wo ọwọ́ yìí. Ọwọ́ ẹni tó kàwé ni, ó dára ju tèmi lọ. Wo bó ṣe buwọ́ lù ú, ó tún fi ìrù sí i. Ṣé ẹni tó ń kọ irú èyí náà ló máa wá tẹ àtàǹpàkò?"

Mo wo ìrù ìbuwọ́lùwé náà, mo rántí ìwé tó wà lára ògiri.

"Ẹ̀yin ọmọ Èkó," ni wọ́n wí, wọn ò tilẹ̀ bínú. "Má fi àìsàn pe ìyá rẹ mọ́, kò dáa. Mo lè gbé e síwájú ọ̀gá o, mi ò ní gbé e. Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ."

Mo jáde síta. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Lẹ́tà tó jẹ́ òótọ́, tí bàbá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, tó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀, ni wọ́n pè ní irọ́. Bí mo bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi tí mo purọ́ jọ, tí mo kọ ọ́ fúnra mi, Màmá Họ́sítẹ̀lì á gbé awò lé ojú, wọ́n á ní bàbá mi gan-an ló kọ ọ́. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣẹlẹ̀ sí, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Ẹnìkan ṣoṣo tí mo sọ fún ni ọmọbìnrin tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí tèmi. Ó ní kí n kọ òmíràn kíákíá, ṣebí mo mọ ọwọ́ náà. Mo ní ó gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ Èkó lára, bó bá sì yá jù, ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà ń lò lọ́nà. Ó ní kí bàbá mi wá fúnra rẹ̀ nígbà náà. Mo ní ta ló máa lọ sọ fún un? Bàbá mi ní tirẹ̀ ti ránṣẹ́, ó ti gbàgbọ́ pé mo wà lọ́nà. Bí bàbá mi ṣe rí nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ti fi nǹkan sínú ìwé fún un, ó ti parí. Ọmọbìnrin náà fún mi ní bísíkíìtì. Mo jẹ ẹ́ tìbínú tìbínú.

Ọjọ́ ọjà bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Mo wọ aṣọ kan lé òmíràn kí n má baà gbé báàgì, mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo la àárín kajú já sí ojú títì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá mú mi, mo ti di ẹni ilé, àmọ́ mo ti wí fún ara mi pé bí mo bá ti rí ìyá mi ná, yòókù á yanjú. Ọkọ̀ dé. Awakọ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwé rẹ dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi ló ń ṣàìsàn."

"Gbogbo ọjọ́ ọjà ni ìyá ẹ̀yin ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń ṣàìsàn," ni awakọ̀ wí. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó gbé adìyẹ lé ẹsẹ̀ ní kí n padà lọ kàwé mi, kí n má fi ìgbà èwe ṣòfò. Ọkọ̀ gbéra. Mo dúró sínú eruku rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ méjì lọ́rùn, mo ń làágùn, mo sì ṣépè fún adìyẹ yẹn. Bí mo ṣe tún gba inú kajú padà sínú ọgbà nìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo lọ.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo fi ro ọ̀rọ̀ náà tán. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ ọ̀hún ló wà lára ògiri yẹn pẹ̀lú ìyà rẹ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́ pé èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n lè lé mi. Kí wá ni màá gbé dé iwájú ìyá mi, tó ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń ra kẹrosíìnì ní àdúgbò pé òun ń tọ́ tíṣà? Ṣé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ̀ ni màá gbé àpótí wọlé? Síbẹ̀, bí mi ò bá sọ ọ́, á wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìrí mi. Ẹ̀rù bà mí, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mi ò sì tíì dá ìpinnu kan ṣe rí tó ju kí n yan irú ìlẹ̀kẹ̀ tí màá wọ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo lọ bá Màmá Họ́sítẹ̀lì, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti kíláàsì karùn-ún. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n ti bébà àti bírò sí mi. "Kọ ọ́."

Mo kọ ìlà mẹ́rin náà bí wọ́n ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù, mo buwọ́ lù ú, mo fi ìrù sí i. Wọ́n gbé awò wọ̀, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n tún gbé e wọ̀.

"Bí mi ò bá gbà ọ́ gbọ́, lẹ́tà tó ti Èkó wá jẹ́ irọ́, mi ò lè fún ọ níwèé. Bí mo bá gbà ọ́ gbọ́, irọ́ ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ nìyẹn, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì wà níwájú ìgbìmọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá géètì. Èwo ni kí n ṣe?"

"Ẹ gbà mí gbọ́, mà."

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń jókòó."

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́, mà?"

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì ti rọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n po Máìlò fún mi nínú ife tiwọn. Àánú mi ṣe wọ́n, mo rí i lójú wọn, inú sì bí mi sí àánú náà ju bí inú ṣe bí mi sí awò wọn lọ. Kí ni mo fẹ́ fi Máìlò ṣe? Mo mu ún ṣá, nítorí kò sí bí mo ṣe lè gbé e dà nù lójú wọn.

Ọjọ́bọ̀ dé, ó sì gùn. Olùkọ́ ìtàn sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìjọba ayé àtijọ́, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mi ò gbọ́ ọ̀kankan. Ní kíláàsì orin, wọ́n ní kí àwa olóhùn òkè gbé e, mo gbé e. Mò ń sọ nínú ara mi pé wọ́n ti gbé ìyá mi wọlé báyìí, wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́ oorun báyìí, wọ́n ti ń rán an báyìí. Mo kírun ọ̀sán lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, mo gbàgbé iye tí mo ti kí, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá, ẹ̀rín wọn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Mo kórìíra gbogbo wọn fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́jọ́ Ẹtì, àgbà márùn-ún, ọ̀gá àgbà láàrin. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lé mi. Màmá Họ́sítẹ̀lì ló gba ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ní ọmọ tó bá fẹ́ tan òun jẹ ì bá ti máa lọ sílé lóṣooṣù, ọwọ́ ìkọ̀wé náà ṣáà wà lára rẹ̀. Ọdún kan àtààbọ̀, kò kọ ẹyọ lẹ́tà kan. Ìyẹn wọ ọ̀gá àgbà létí. Wọ́n dájọ́ pé kí bàbá mi wá fúnra rẹ̀ kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mìíràn níwájú àwọn, kí n má sì jáde títí yóò fi dé. Wọ́n rán awakọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ sí ìlú láti tẹ wáyà sí bàbá mi ní Ajégúnlẹ̀.

Ọjọ́ Túsìdeè ni bàbá mi dé, aṣọ Iléyá rẹ̀ ló wọ̀. Ó ti rù. Mo fẹ́ bi í léèrè nípa ìyá mi, àmọ́ wọ́n ti mú un wọlé, wọ́n ti gbé àga fún un, fọ́ọ̀mù tuntun ti wà níwájú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ń mi orí. Ọ̀gá àgbà wá gbé bírò fún un, ó ní, "Ó yá, Bàbá, ẹ fọwọ́ sí i."

Bàbá mi gba bírò náà, ó dúpẹ́, ó yíjú sí mi, ó sì tì í sí mi lọ́wọ́. "Bísímílàhì, bu ọwọ́ lù ú fún mi."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, títí kan Màmá Họ́sítẹ̀lì. Bàbá mi wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó ṣe. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ lanu ni mo fẹ́, kì í ṣe fún mi, fún àwọn àgbà wọ̀nyẹn ni. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, bàbá mi sọ fún wọn ní jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má bínú. Ọmọ mi ni mo rán lọ sílé ìwé. Bí kò bá kọ ọ́ fún mi, ta ló máa kọ ọ́?" Wọ́n gbé yíǹkì wá, ó tẹ àtàǹpàkò, ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìyọ̀ǹda fún mi, ọjọ́ márùn-ún.

Ọkọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló gbé wa dé ìlú. Ibẹ̀ ni mo ti rí àyè bi í pé báwo ni iṣẹ́ abẹ náà ṣe lọ.

"Kò wọlé," ni bàbá mi wí.

Ó ní àárọ̀ kùtù ni àwọn ti dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun fún un. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀nà àbáwọlé, ó ní òun ń dúró de ọmọ òun, pé àwọn ti kọ lẹ́tà, ọmọ náà wà lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì pè é lẹ́ẹ̀kíní, ó ní kí wọ́n fún òun díẹ̀ sí i. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní bóyá ọkọ̀ ló pẹ́. Nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta tí kò dìde, wọ́n mú ẹlòmíràn wọlé. Ọjọ́ mìíràn tí wọ́n dá fún un, oṣù méjì sí i ni.

Mo dé ilé, ìyá mi wà lórí àpótí rẹ̀ níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo kẹrosíìnì. Bó ṣe rí mi, ó kígbe orúkọ mi, ó fẹ́ dìde, ikùn náà ò jẹ́ kó tètè dìde. "O ti dé," ló ń wí ṣáá, "o ti dé, mo ní o máa dé." Mo sunkún débi pé àwọn ará ilé rò pé wọ́n ti lé mi. Bọ̀dá Kíláàkì jáde sí wa, ó ní, "Na me type am o. I say make dem know say your papa no be small man." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Tinútinú ló fi ṣe é.

Mo padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà mìíràn dé pẹ̀lú àtàǹpàkò, Màmá Họ́sítẹ̀lì ò sì tilẹ̀ gbé awò wọ̀ kí wọ́n tó fún mi níwèé. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo di ọwọ́ ìyá mi mú títí wọ́n fi tì í wọlé. Wọ́n là á, wọ́n sì tún rán ikùn náà padà láìmú nǹkan púpọ̀ kúrò, nítorí kókó tó ń wú nínú rẹ̀ ti tàn dé ibi tí kò yẹ kó dé. Oṣù mẹ́rin ló lò sí i kó tó kú, kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni dókítà wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mú fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́. Mo jókòó sí ibi ẹsẹ̀ ìyá mi, mo mú ife omi lọ́wọ́. Dókítà ní, "Màmá, a ti dá ọjọ́ fún yín tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn, àìsàn náà kò tíì rìn tó báyìí. Wọ́n pè yín lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ló dé tí ẹ ò wọlé?"

Mo gbé ife sílẹ̀. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ìyá mi na ọwọ́ sí mi lábẹ́ aṣọ ìbora, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì le ju bí mo ṣe rò pé ó ṣì lágbára lọ.

"Ẹ̀rù ló bà mí, dókítà," ló wí. "Ẹ̀rù ọ̀bẹ."

Dókítà mi orí, ó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì.